Màmá Àbíjàn Ti Lọ: Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Wọn?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin jáde láyé ní Ẹjìgbò ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a sì ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì ọjọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. Àwọn àgbà ilé wa ń pè wọ́n ní Ìyá Kùmáásì, àwa tí a kéré ń pè wọ́n ní Màmá Àbíjàn. Ìlú Kùmáásì ní orílẹ̀-èdè Gánà ni wọ́n ti kọ́ òwò lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, kí wọ́n tó wá fi Àbíjàn ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì kúrò ní ìlú. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò ni wọ́n ti ń ra àǹkárá, Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn, ni wọ́n ti ń tà á, bí ọdún bá sì ń sún mọ́lé, wọn a kó ẹrù gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wálé. Wọn kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ èdè Àṣáńtì, wọ́n gbọ́ Júlà, wọ́n sì ń fi èdè Faransé ná ọjà débi pé àwọn oníbàárà a máa bi wọ́n bóyá Àbíjàn ni a bí wọn sí.

Màmá kò fi inú ara wọn bímọ. Èmi àti àwọn ọmọ ẹbí mìíràn ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀, tí wọ́n rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fẹ́ ìyàwó fún àwọn ọkùnrin inú wa. Nísinsìnyí, ẹbí ti pinnu láti ṣe ìrántí ọdún kan fún wọn, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí a ó tẹ̀ sínú ìwé ètò. Mo jókòó láti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi ní ìdajì ojú-ìwé kan. A kò mọ ọdún tí a bí wọn. A ní àpótí kan tí ó kún fún ìwé ìrìnnà àtijọ́, ìwé ìṣirò ọjà, fọ́tò, àti kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gba ohùn wọn sí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá mi nígbà kan. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí a dáná sun àwọn ìwé náà, ó sì tún sọ níwájú gbogbo ẹbí pé ẹni tí kò bímọ, kí ni a fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe é kí orúkọ Màmá má baà parun?

Ọmọ Màmá, Ẹjìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

ÌDÁHÙN

Ọmọ Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, kí Ó sì fi Alijánnà kẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó dùn yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé bí ẹ bá gbé e sínú, yóò máa fà yín lọ́wọ́ sẹ́yìn bí ẹ ti ń kọ̀wé. Àwọn baba wa ló sọ pé ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Ẹni tí ó mú ọmọ àbúrò rẹ̀ kọjá ẹnubodè mẹ́rin, tí ó fi èrè ọjà sanwó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì dúró bí òbí nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ ìyá délẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni ọmọ tí ó yẹ kí ó kọ ìtàn wọn, ẹ kò sì ní láti tọrọ àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ má bá àgbà náà jà. Ẹ lọ bá wọn ní ìkọ̀kọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ó ti yẹ, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ohun tí ó rántí nípa ìgbà èwe Màmá. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ líle níbi ìsìnkú jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè ohun tí òun náà pàdánù.

Ìwé yín tán ní ìdajì nítorí pé ọ̀dọ̀ ará ilé nìkan ni ẹ ti ń wá ọ̀rọ̀. Ohun tí ará ilé mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju obìnrin tí ó máa ń wálé nígbà ọdún pẹ̀lú ẹrù lọ. Obìnrin tí ó ń jí ní ìdájí lọ ṣí ìsọ̀ ní Treichville, tí ó ń bá àwọn aṣọ́bodè fa ọ̀rọ̀ ní Aflao, ẹnubodè Tógò àti Gánà, àti ní Elubo, ẹnubodè Gánà àti Côte d'Ivoire, tí ó mọ awakọ̀ tí a lè fi ẹrù lé lọ́wọ́ àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi lé lọ́wọ́, àwọn ará ọjà àti ará ọ̀nà ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn ni ìtàn rẹ̀ wà. Orúkọ méjì tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín ti fi ibi tí ẹ ó yà sí hàn yín. Àwọn tí ń pè wọ́n ní Ìyá Kùmáásì mọ ohun tí àwọn tí ń pè wọ́n ní Màmá Àbíjàn kò mọ̀, àwọn ti Kùmáásì sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kàn, nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní ọdún 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún lónìí. Ẹ béèrè wọn ní Ẹjìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìnísà, ní Ọ̀ffà àti ní Ṣakí, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá tí ó wà ní Gánà nígbà náà ti lọ.

Mo dárúkọ ọdún 1969 nítorí pé ibẹ̀ ni ayé Màmá ti yí padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ta ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ sì fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn àgbà pé irú ọkọ̀ wo ni Màmá wọ̀ wálé, kí ni wọ́n rí dì mọ́ ẹrù, ta ni wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sílẹ̀ fún. Ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí èmi rò pé ó yẹ kí gbogbo ìwé yín dúró lé lórí: báwo ni ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n lé kúrò ní ìlú kan ṣe rí ìgboyà láti tún dìde lọ sí òmíràn tí ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò sì ní ìdánilójú pé wọn kò ní lé òun níbẹ̀ náà? Bí ẹni tí ẹ ń bi kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀, kí ẹ padà lọ ní ọjọ́ mìíràn. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ Gánà ṣì ń ta lára. Ẹ má sì fi ìkórìíra kọ abala yìí. Ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Ará Kùmáásì tí ó bá fẹ́ràn Màmá gbọ́dọ̀ lè ka ìwé yín láìrí èébú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti ọdún tí a bí wọn, ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà ti lò tipẹ́ fún àwọn tí kò ní ìwé ìbí, ẹ̀yin náà sì lè lò ó: ẹ fi ohun tí gbogbo ayé mọ ọjọ́ rẹ̀ wọn ọjọ́ orí wọn. Ṣé a ti bí Màmá nígbà ogun Hitler, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 tí ó sì parí ní 1945? Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957, ṣé wọ́n ṣì ń kiri ọjà fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ni, àbí wọ́n ti ní ìsọ̀ tiwọn? Ta ni ẹgbẹ́ wọn nínú ilé tí ó ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí? Bí ìdáhùn bá ti ń fẹnu kò, ẹ kọ “ní nǹkan bí ọdún” báyìí báyìí. Ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn lè jẹ́ èyí tí akọ̀wé kan kàn bù fún wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìwé náà, nítorí náà ẹ má gbé e sójú ìwé bí òtítọ́ tí kò ní iyèméjì.

Nípa àpótí náà, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun ìwé kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1979 ni ọmọ Nàìjíríà ti ní ẹ̀tọ́ láti wọ àwọn ìlú wọ̀nyí fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè ṣì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Bí ẹ bá to àwọn òǹtẹ̀ náà tẹ̀léra wọn, Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, Aflao, Elubo, ẹ ó rí àkókò tí wọ́n ń rìn púpọ̀ àti àkókò tí wọ́n jókòó sójú kan, ẹ ó sì lè béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí káàdì ìgbélùú ti Côte d'Ivoire, ẹ mọ̀ pé ó ti wà ṣáájú ọdún 2007, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS.

Ìwé ìṣirò ọjà ni èmi yóò fi ṣe olórí gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí yẹn. Ẹ sọ pé Màmá kò kàwé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ wọn ni ó kọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, bóyá ọwọ́ ẹ̀yin pàápàá. Ẹ wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé ti ń yí padà, ẹ ó fi mọ ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé àti ìgbà tí ó lọ. Ẹ wo orúkọ àwọn oníbàárà, àwọn tí wọ́n ń tà fún láwìn àti àwọn tí wọ́n dárí jì. Ẹ ṣí ojú-ìwé oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, bí ó bá wà níbẹ̀. Ní oṣù yẹn ni wọ́n dín agbára owó sẹ́fà, tí wọ́n ń ná ní Àbíjàn àti Lomé, kù sí ìdajì, tí owó Faransé kan tí ó jẹ́ sẹ́fà 50 tẹ́lẹ̀ di sẹ́fà 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ tí ó ti Yúróòpù wá gbówó lórí kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà lè rà. Ohun tí Màmá ṣe ní oṣù yẹn àti àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, bóyá wọ́n yí ọjà padà, bóyá wọ́n dín ẹrù kù, bóyá wọ́n tilẹ̀ ta góòlù ọrùn wọn kí ẹ̀yin lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ju gbogbo “aláàánú” àti “abiyamọ tòótọ́” tí a máa ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo òkú ni a ń sọ wọ́n fún. Ẹ wá èyí tí ó jẹ́ ti Màmá nìkan.

Nínú ìwé ìṣirò kan náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè dúró de ìrántí ọdún kan. Ẹ̀sìn Màmá là á sílẹ̀ pé gbèsè òkú ni a ń kọ́kọ́ san kí a tó pín ogún. Ṣé ẹbí ti ránṣẹ́ sí Àbíjàn àti Lomé láti béèrè bóyá Màmá jẹ ẹnikẹ́ni? Òwò aṣọ láàárín Lomé àti Àbíjàn, láti ìgbà àwọn ìyá olówó tí wọ́n ń pè ní Nana Benz nítorí ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ń gùn, kì í rìn láìsí àwìn àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Bí ọmọ òkú bá dé ìsọ̀ ẹni kan ní Lomé tí ó sì wí pé, “Ìyá wa ti lọ, a wá béèrè ohun tí ó kù láàárín yín,” ará ọjà yẹn yóò sọ ìtàn Màmá fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Bákan náà ni kí ẹ béèrè nípa owó àjọ tí wọ́n ń dá. Mo rọ̀ yín pé kí owó ìrìn-àjò yìí ṣáájú owó aṣọ ẹbí.

Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn wọn pẹ̀lú pẹ́ńsù, lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, ẹ má sì bo wọ́n sínú ọ̀rá gbígbóná. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má kì í bọ inú rédíò àtijọ́ láti wò ó bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ lè fa téèpù já lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ohùn láti ara kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì pín in fún ènìyàn bíi mélòó kan, kí ó má baà sọnù sọ́wọ́ ẹnì kan. Bàbá yín ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ láwọn nìkan, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó lè jáde síta.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ẹ ní kí àwọn àgbà ilé sọ oríkì orílẹ̀ yín àti oríkì àbísọ Màmá, kí ẹ wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kún un, kí ó di ohun tí a ó máa fi kí àwọn ọmọ tí a bá bí sí ilé náà. Oríkì kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀. Bí oríkì wọn bá jẹ́ Àṣàbí, bí àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ní ohùn lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Àṣàbí, a-nájà-Lomé-bọ̀-wá-nájà-Àbíjàn,
Wọ́n lé e ní Kùmáásì, kò lé ará Kùmáásì lọ́kàn,
Ó gbọ́ èdè onílé, ó gbọ́ èdè àlejò,
Kò kàwé, ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di akọ̀wé.

Ẹ̀yin yóò rí èyí tí ó dára ju ìyẹn lọ nínú ohun tí àwọn ará ọ̀nà bá sọ fún yín. Bí ìwé náà bá ti parí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ Ẹjìgbò ní Àbíjàn àti sí mọ́sáláṣí tí Màmá ti ń kírun níbẹ̀, kí àwọn náà lè yan ọjọ́ tí wọn yóò ṣe àdúà tiwọn.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú ọ̀wọ́n, àbúrò ìyá mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọ́n sì tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Saudi Arabia. Àìsàn díẹ̀ ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi dákẹ́, àwọn ọmọ wọn sì sin wọ́n sí London gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn ẹbí ní Abẹ́òkúta ń bínú pé a kò mú irun àti èékánná wọn wálé, wọ́n ní a kò lè ṣe ìrántí kankan nílé láìsí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí a lọ hú òkú. Kí ni kí a ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú. Òtítọ́ ni pé àwọn Yorùbá a máa mú irun àti èékánná ẹni tí ó kú sí àjò wálé, kí a lè sin nǹkan lára rẹ̀ sí ilé baba rẹ̀. Ọjọ́ tí òkú kò lè rin ọ̀nà jíjìn ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò, ó sì tu ọ̀pọ̀ ẹbí nínú. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé sàréè ti dí, pé àbúrò ìyá yín ni ó sọ ibi tí òun fẹ́, àti pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a hú òkú láìgba ìwé àṣẹ. Mo rò pé ohun tí ń dun àwọn ará ilé ni pé wọn kò rí ibi tí wọn yóò dúró sunkún. Ẹ wá ibẹ̀ fún wọn: ẹ kọ orúkọ wọn, ọdún tí a bí wọn àti ìlú tí a sin wọ́n sí mọ́ òkúta ibojì àwọn òbí wọn ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ wọn wálé wá síbi ìrántí náà. Bí àwọn ọmọ náà bá lè mú aṣọ iṣẹ́ wọn tàbí ohun kan tí wọ́n lò ní ilé-ìwòsàn dání wá, ẹ fi í pamọ́ sí yàrá tí wọ́n ń sùn sí nígbà tí wọ́n bá wálé. Àwọn ọmọ náà lè má gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kí ẹnì kan nínú ilé jókòó tì wọ́n jálẹ̀ ọjọ́ náà, kí ó máa sọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ìyá wọn fún wọn.